Ẹkún Náà Wà Lójúgun

Ọmọ mi méjì lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 7, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọdún 4. Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò ni n ó máa pè wọ́n, torí lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀wé kà dáadáa, ó lè má dùn mọ́ èyí àbúrò pé gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n ní ẹni tó jókòó sórí òjò dídì tó ń ké bí ẹni tí oyin ta. Ọjọ́ 7 la lò ní ẹsẹ̀ òkè kan tí òjò dídì bò. Ọjọ́ kan la fi yá irinṣẹ́, ọjọ́ kan ni èmi fúnra mi fi ṣe olùkọ́, ọjọ́ 5 tó kù jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ síkì, eré tí èèyàn ti ń de pákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ sísàlẹ̀ lórí òjò dídì. Nínú ọjọ́ 5 yẹn, Àbúrò ò yọ̀ tó mítà mẹ́wàá lápapọ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Kò sì sí ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ nínú ilé wa. Ìyá rẹ̀ ní ọmọ náà ò fẹ́ kí a fi òun sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjèjì. Èmi ní òtútù ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ojo ni. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la kùnà.

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan ibi tí ojú ti tì mí, nítorí àwọn òbí tó máa ń bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ló lè bẹ̀rẹ̀ síkì. Ìbéèrè ọjọ́ orí ò ṣòro láti dáhùn. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ síkì ló ń gba ọmọ láti ọdún 3 tàbí 4. Ní ilẹ̀ Faransé, bí àpẹẹrẹ, ọmọ ọdún 3 ti lè wọ ọgbà Piou-Piou tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ESF, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ síkì ilẹ̀ Faransé, ṣe fún àwọn ọmọ kéékèèké. Èyí tó le ni gbogbo ohun tó wà láàárín ọmọ náà àti ilẹ̀: ìbọ̀sẹ̀, bàtà, pákó, àti òbí.

Ọjọ́ tí a yá irinṣẹ́

Ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta la dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá èèyàn ní irinṣẹ́ síkì. Ìlà gùn dé ẹnu ọ̀nà. Ebi ń pa Àbúrò, oorun sì ń kùn ún. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí bàtà ní kí n gbé ọmọ jókòó kí òun lè wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó má ṣèyọnu, mo mọ nọ́ńbà bàtà ọmọ mi. Mo pe nọ́ńbà bàtà tó ń wọ̀ lọ sí iléèwé fún un, mo sì fi kún un pé kó jẹ́ kó tóbi díẹ̀, kó lè gba ìbọ̀sẹ̀ méjì. Ó wò mí, ó wo ìlà tó wà lẹ́yìn mi, ló bá lọ mú bàtà wá.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré tí mo sọ yẹn. Àkọ́kọ́ ni pé nọ́ńbà bàtà síkì yàtọ̀ sí ti bàtà tí a ń wọ̀ rìn ní títì. Gígùn ẹsẹ̀ gan-an, ní sẹ̀ǹtímítà, ni wọ́n fi ń kà á. Mondopoint ni wọ́n ń pe ìwọ̀n náà. Ẹsẹ̀ Àbúrò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17, bàtà 17.5 ló sì tọ́ sí i. 19 ni mo gbé lọ sílé.

Èkejì ni èrò mi pé bàtà tó tóbi dà bí aṣọ iléèwé tí ọmọ á dàgbà sínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bàtà síkì ni ìtọ́kọ̀ gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ojúgun ló ń fara ti ahọ́n bàtà, bàtà á tẹ pákó, pákó á sì yà síbi tí ọmọ fẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá ń yọ̀ síwá sẹ́yìn nínú bàtà, ọmọ lè máa yí ẹsẹ̀ títí di ọ̀la, pákó ò ní gbọ́. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò rọrùn: wọ́n á yọ tìmùtìmù inú bàtà jáde, ọmọ á ki ẹsẹ̀ bọ ìkarahun rẹ̀ lásán títí ọmọ ìka ẹsẹ̀ á fi kan iwájú, wọ́n á wá wo àyè tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn gìgísẹ̀. Bí àyè náà bá gba ìka ọwọ́ àgbà kan sí ọ̀kan ààbọ̀, ó dára. Ti Àbúrò gba ìka mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó wò ó lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀kẹta ni ìbọ̀sẹ̀. Méjì kì í mú ẹsẹ̀ gbóná ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n á ká jọ, wọ́n á fún ẹsẹ̀ pa, ẹ̀jẹ̀ ò ní rìn bó ṣe yẹ, òógùn á rin wọ́n gbingbin, òtútù á sì wá wọlé wọ̀ọ̀. Ẹyọ kan tó fẹ́lẹ́, tó gùn kọjá ibi tí bàtà dé, tí kì í ṣe ti òwú, lèèyàn ń wọ̀. Mo mọ èyí fún ẹsẹ̀ tèmi o. Nígbà tó kan ti ọmọ ni ìfẹ́ bo ọgbọ́n mọ́lẹ̀.

Pákó tí mo mú fún un náà gùn, ó dé iwájú orí rẹ̀. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, bí a bá gbé pákó nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó wà láàárín àyà sí àgbọ̀n ti tó. Bó ṣe kúrú sí ló ṣe rọrùn láti yí sí. Akoto nìkan ni mi ò fi ṣeré. Mo wá èyí tó ní àmì EN 1077 lára, ìyẹn ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún akoto síkì, mo sì rí i pé kò mì nígbà tí ọmọ mi orí. Ní Ítálì, òfin ti sọ akoto di dandan fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 láti 2005, wọ́n gbé e dé ọdún 18 ní 2022, ó sì ti di ti tọmọdé tàgbà láti 2025, nítorí náà mi ò tiẹ̀ ka èyí sí ohun tí a ń jiyàn lé.

Ọjọ́ tí èmi ṣe olùkọ́

Mo ti lé ní ọdún 30 kí n tó kọ́ síkì. Mo lè sọ̀kalẹ̀ láìṣubú, mo sì lè dúró níbi tí mo bá fẹ́ dúró. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú orí mi wú. Ọjọ́ Ajé ni ilé ẹ̀kọ́ máa bẹ̀rẹ̀; mo ní kí n fi ọjọ́ Àìkú là wọ́n lójú ná, kí wọ́n má lọ máa ti ọmọ ẹlòmíràn lẹ́yìn. Mo ra okùn kan tí wọ́n ń dè mọ́ ọmọ láyà, tí àgbà á máa dì mú látẹ̀yìn.

Ibi tó yẹ kí n kó wọn lọ ni pápá pẹrẹsẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Kápẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀ tó ń fi ẹ́ńjìnnì rìn lórí ilẹ̀. Ọmọ á dúró lé e, á gbé e gòkè díẹ̀díẹ̀, kò sí ohun tó ń gbé e kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níbẹ̀. Níbi àga tí okùn irin ń fà lọ sórí òkè, kò sí ìlà kankan. Mo gbé wọn gun àga.

Gígun àga ò le, bíbọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ló le. Ó lè falẹ̀ bó bá dé òkè, ṣùgbọ́n kì í dúró: ẹni tó jókòó gbọ́dọ̀ dìde kó sì yọ̀ lọ síwájú kí àga má bàa tì í. Àbúrò ò tíì dúró lórí pákó síkì rí láyé rẹ̀. Mo fi apá kan gbá a mú bí àpò ẹrù, a bọ́ sílẹ̀ lọ́nà kan ṣá, mo sì yíjú sí ìsàlẹ̀. Níbi tí mo ti ń wò ó láti ìsàlẹ̀, òkè yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 102 lọ, n ò mọ bó ṣe rí.

Ọmọ tí wọ́n fi okùn dì mú látẹ̀yìn kì í pẹ́ mọ̀ pé okùn náà lè ru òun. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, Àbúrò ti sọ ọ́ di àga: ó fẹ̀yìn tì í, ó na ẹsẹ̀ síwájú, èmi ni mo wá ń gbé e lọ. Ó sì ṣe tán, ọmọ ọjọ́ orí yẹn ti ń bá dídúró síwájú jìjàkadì tẹ́lẹ̀. Bí a bá fi wé ara wọn yòókù, orí wọn tóbi ó sì wúwo ju ti àgbà lọ, iṣan itan wọn ò tíì le, gìgísẹ̀ ni wọ́n máa ń fẹ́ jókòó lé. Okùn tèmi wá fi àṣà kún ohun tí ẹ̀dá ti dá sílẹ̀. Lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò, okùn yẹn lè wúlò fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lọ́wọ́ irú mi, ohun tó burú jù nínú gbogbo irinṣẹ́ síkì ọmọdé ni, mi ò sì ní gba ọ̀rọ̀ yẹn padà.

Ní ìdajì ọ̀nà, a kan ibi tí òjò dídì ti di yìnyín gbagidi. Pákó mi yọ̀, mo ṣubú, okùn fa ọmọ, ó bá mi lọ. A tó bíi mítà 15 kí a tó dúró. Kò sí ẹni tó fara pa. Àbúrò ò sunkún rárá nígbà yẹn. Ó kàn dákẹ́, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ ti já wálẹ̀ gbọọrọ bí òkúta tí wọ́n yí láti òkè, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, nǹkan tó sì dá a dúró ni òkìtì òjò dídì tó wà nísàlẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lójú débi pé mo gbàgbé pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu obìnrin kan.

Àjọ FIS, tó ń bójú tó síkì ní àgbáyé, ti ní òfin ìwà mẹ́wàá fún ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí òkè láti 1967. Ìkejì nínú wọn ní kí oníkálukú máa lọ níwọ̀n ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ní ìbámu pẹ̀lú ilẹ̀, ojú ọjọ́ àti èrò tó wà níbẹ̀. Mo fọwọ́ ara mi rú òfin yẹn lórúkọ èèyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ méjì ẹkún

Ọgbà kékeré tí wọ́n fi okùn àti àsíá yí ká ni ilé ẹ̀kọ́ náà ń lò fún àwọn ọmọdé. Kápẹ́ẹ̀tì wà lápá kan, ihò tí wọ́n fi rọ́bà ṣe tí ọmọ lè gbà kọjá wà lápá kejì, ilé onígi kan tí wọ́n dáná sí nínú wà létí rẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ló wà nínú ẹgbẹ́ Àbúrò, olùkọ́ wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò tíì tó 25 lójú mi. Wọ́n kó Ẹ̀gbọ́n lọ sí ẹgbẹ́ àwọn tó mọ síkì jù ú lọ, òkè ló gbà.

Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ wọn: pízà àti ọ̀dùnkún díndín. Pízà ni kí imú pákó méjèèjì súnmọ́ra, kí ìrù wọn sì fẹ̀, bí ègé pízà. Ìyẹn ló ń dín eré kù, òun náà ló ń dáni dúró. Ọ̀dùnkún díndín ni kí pákó méjèèjì dọ́gba, kí èèyàn máa lọ. Ẹ má fojú eré ọmọdé wò ó. Hannes Schneider, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ síkì ní St. Anton, ní òkè Arlberg ní Ọ́stríà, ní 1907, to ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà báyìí gan-an: pákó tó fẹ̀ lẹ́yìn ló ṣáájú, dídọ́gba ló gbẹ̀yìn. Kò kàn pè é ní pízà ni.

Àbúrò ò gbọ́ pízà, kò gbọ́ ọ̀dùnkún. Ó jókòó. Bí wọ́n bá gbé e dìde, á rọ bí aṣọ tútù, á tún jókòó. Èmi dúró létí okùn, mò ń juwọ́, mò ń pariwo pé, “O lè ṣe é, ọmọ mi!” Gbogbo ìgbà tí mo bá sì ti pariwo, á yíjú sí mi, ẹkún á tún bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ wá bá mi, ó fi pẹ̀lẹ́tù ní kí n jọ̀wọ́ lọ síbi tí ọmọ ò ti ní rí mi. Mo lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ilé onígi, mo ń yọjú. Ó rí mi. Ó ní kí n lọ jìnnà ju ìyẹn lọ.

Alẹ́ ọjọ́ Ajé, nígbà tí mò ń bọ́ aṣọ fún un, Àbúrò sọ pé, “Bàtà yẹn ń bínú sí mi.” A rẹ́rìn-ín sí i. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ tún un sọ fún mi lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn, pé ọmọ yìí lẹ́nu. Mi ò ronú kan kí n sọ ọ́ fún olùkọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun burú ju ọjọ́ Ajé lọ. Ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú. Olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ibo ló ń dùn ún, ó ní, “Mi ò fẹ́.” Ó béèrè bóyá ẹ̀rù ń bà á, ó ní, “Mi ò fẹ́.” Ọmọ ọdún 4 kì í sábà lè fọwọ́ tọ́ka síbi tí ìrora wà, gbogbo ara rẹ̀ ni nǹkan ń ṣe. Inú ilé onígi ló ti lo wákàtí tó pọ̀ jù lọ́jọ́ náà, ó ń fi ọ̀dà aláwọ̀ ya àwòrán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá kí a dá a dúró, kó di ọdún tó ń bọ̀.

Ọjọ́rú, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀

Olùkọ́ ti ní kí n mú un wá ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú àwọn yòókù. Mo rò pé ó fẹ́ sọ fún mi pé àwọn ò lè gbà á mọ́ ni. Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé ọmọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó tú ìdè bàtà, ó bọ́ ọ, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó bọ́ èkejì, ó sì ká ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí mo ti fọwọ́ ara mi ki bọ inú bàtà kí atẹ́gùn má bàa gbà á.

Ìlà pupa kan wà lójúgun méjèèjì. Ibi tí ṣòkòtò ti ká jọ tí ìdè bàtà sì ti tẹ̀ ẹ́ ni, ó wọlé bí ojú okùn. Ìbọ̀sẹ̀ ti rin fún òógùn ọjọ́ tó kọjá tí kò gbẹ tán. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, inú ilé tó gbóná sì la wà. Nítorí pé bàtà tóbi, èmi náà ti ń di ìdè rẹ̀ pinpin láràárọ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa yọ jáde. Bí mo ṣe ń dì í tó ni ṣòkòtò ń ge ẹran ara rẹ̀ tó. Ohun tí mo ṣe nítorí òtútù ló mú òtútù wá, ohun tí mo ṣe kí bàtà lè dúró ló sọ dídúró di ìyà. Bí ọmọ náà bá tẹ̀ síwájú bí olùkọ́ ṣe ń wí, orí ojú egbò yẹn ló máa fara tì. Kí ló tún kù kó ṣe ju kó jókòó?

Olùkọ́ fọwọ́ kan ojúgun náà jẹ́ẹ́. Àbúrò ní, “Ibẹ̀ ló ti ń bínú.”

Kò bá mi wí. Ó béèrè nọ́ńbà bàtà, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó fi ìka mẹ́ta hàn mí lẹ́yìn gìgísẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ òun, òun rò pé ẹkún ọmọ yìí dà bí ti àwọn tó ń wá òbí wọn, òun ì bá ti bọ́ bàtà náà wò. Mo sọ ọ̀rọ̀ bàtà tó ń bínú fún un nígbà náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní bí mo bá tún gbọ́ irú rẹ̀, kí n pe òun lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ́mọkùnrin ìjelòó wọn ẹsẹ̀ ọmọ, ó mú bàtà 17.5 wá, ó gba pákó gígùn, ó fún wa ní èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80. Mo fẹ́ máa lọ, ó ní kí n dúró. Bí bàtà bá ti yí padà, wọ́n gbọ́dọ̀ tún ìdè tó wà lórí pákó ṣe, torí ìdè yẹn ló gbọ́dọ̀ tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọ bá ṣubú, kò sì gbọdọ̀ tú u sílẹ̀ lásán. Ìwúwo ọmọ, gíga rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, bó ṣe mọ síkì tó, àti gígùn àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ìlànà àgbáyé kan wà fún un, ISO 11088. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ṣùkúrúdíráfà ilé tún ìdè ẹ̀gbọ́n ṣe fún àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ bá oníṣẹ́.

Lẹ́yìn ìgbà náà

Mo fẹ́ sọ pé bàtà tuntun tán gbogbo rẹ̀. Kò tán an. Ìrora lọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé síkì máa ń dunni, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn ti okùn. Ohun tí mo wá rí lọ́jọ́rú ni iṣẹ́ olùkọ́, ó sì yàtọ̀ sí ohun tí mo rò pé iṣẹ́ náà jẹ́.

Fún wákàtí àkọ́kọ́, kò fún un ní pákó rárá. Wọ́n fi bàtà lásán rìn lórí òjò dídì, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kí ó dún, wọ́n ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ gun òkìtì. Lẹ́yìn náà ni ó fún un ní pákó kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ kan lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ kejì ń ti ilẹ̀, bí ọmọ tó ń gun sìkútà. Wọ́n tún pààrọ̀ ẹsẹ̀. Mi ò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni fi ohun tó kéré bẹ́ẹ̀ tàn ọmọ kúrò nínú ẹ̀rù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú: kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó yí pákó dábùú òkè, kó fọwọ́ ti ilẹ̀ dìde. Wọ́n ṣubú lọ́nà mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ ní ìdùnnú. Ìṣubú tó dá a lẹ́rù lọ́jọ́ Àìkú wá di eré tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Nípa jíjókòó sẹ́yìn, n ò gbọ́ kó sọ pé “tẹ síwájú” lẹ́ẹ̀kan. Èmi tí mo ti pariwo rẹ̀ títí ohùn mi fi há ló yé jù. Ó to bọ́ọ̀lù kéékèèké sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ní kí wọ́n máa ṣà wọ́n bí wọ́n ti ń yọ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣa bọ́ọ̀lù níwájú rẹ̀ ò lè fẹ̀yìn jókòó. Nígbà míì, á ní kí wọ́n gbọ́wọ́ lé eékún. Nígbà míì, òun gan-an á dojú kọ ọmọ, á máa fẹ̀yìn rìn sísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí imú pákó, á máa fẹ̀ wọ́n sí pízà fún un. Fún ìyípo, wọ́n di ẹ̀rọ bàálù: wọ́n na apá méjèèjì bí ìyẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀pá lọ́wọ́ ọmọ kankan. Ọmọ ọjọ́ orí yẹn ò nílò rẹ̀, ojú ẹnìkejì ló máa fi gún.

Ó so rọ́bà kékeré kan mọ́ imú pákó Àbúrò méjèèjì kí wọ́n má bàa ya ara wọn. Mo bi í bóyá kí n ra irú rẹ̀. Ó ní fún ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì lè di pízà mú, ó dára láàárọ̀ kan, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ níbẹ̀, rọ́bà ló ń ṣe síkì, kì í ṣe ọmọ. Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, ó ti tú u.

Ọjọ́bọ̀ ni ó gun kápẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, níbi tí ọmọ ò ti rí i. Èmi ò láyà láti lọ. Ó ní ó dúró lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń wọ ọkọ̀ òfurufú, ó dé òkè, ó wo ìsàlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ṣe pízà tó fẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rìn, ó sì sọ̀kalẹ̀ bí ìgbín. Nígbà tó dúró, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó kọjá lọ tààrà sídìí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló gùn ún lọ́jọ́ náà.

Ó ku ti Ẹ̀gbọ́n, tí gbogbo wa ti ń yìn. Ọjọ́bọ̀ kan náà ni olùkọ́ tirẹ̀ dá a padà sí ọgbà àwọn ọmọdé fún wákàtí kan. Ó ń já gbọọrọ ni, bó ṣe ṣe lójú mi lọ́jọ́ Àìkú. Kò mọ̀ ọ́n yà, ara rẹ̀ ló gbójú lé láti dúró nígbà tí ilẹ̀ bá tẹ́jú. Ẹni tí a pè ní akíkanjú kàn jẹ́ ẹni tí bàtà rẹ̀ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu ni. Inú bí i gidigidi. Ó ní ibi àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n mú òun lọ. Àbúrò rẹ̀ tó wà níbẹ̀ sọ fún un pé kó máa ṣa bọ́ọ̀lù.

Àṣìṣe mìíràn tún wà tí mo ṣe: mo gbàgbé ìpara oòrùn lọ́jọ́ kan tí ìkùukùu bo òkè, oòrùn sì jó imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbọ́n yí awò ojú rẹ̀ ká. Bí a bá fi 1,000 mítà gòkè, ìtànṣán oòrùn tó ń jó ara á lé sí i ní bíi ìdá 10 nínú 100, òjò dídì tuntun sì lè dá tó ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ padà sí ojú èèyàn láti ìsàlẹ̀. Ìkùukùu ò dí i lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n fi àsíá kéékèèké ṣe ọ̀nà fún àwọn ọmọ, wọ́n ní kí wọ́n gbà á kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò fò àsíá méjì, ó ṣubú sídìí ìkẹta bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó dìde fúnra rẹ̀, ó parí rẹ̀. Wọ́n gbé èmi náà dúró létí okùn lọ́jọ́ náà pẹ̀lú àwọn òbí yòókù. Olùkọ́ wò mí látòkèèrè, ó fi ìka lé ẹnu. Mi ò pariwo.

Nígbà tí òtútù ọdún tó tẹ̀ lé e dé, a padà lọ. Àyè kékeré kan wà lórí fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ fún ohun tí òbí fẹ́ kí olùkọ́ mọ̀ nípa ọmọ. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ẹsẹ̀ 18.5 sẹ̀ǹtímítà, a wọ̀n ọ́n láná, ìbọ̀sẹ̀ kan, ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ dúró sókè bàtà, ó máa ń fẹ̀yìn jókòó, ẹ̀bi bàbá rẹ̀ ni, bó bá sọ pé bàtà ń bínú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bọ́ ọ wò. Olùkọ́ tuntun kà á tán lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí Àbúrò fi ìbọ̀sẹ̀ han òun.